Àbẹ̀kẹ́, Ọwọ́ Ọ̀tún Rẹ Ṣì Lè Kẹ́kọ̀ọ́

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun kì í fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun mọ́. Mo lè jẹ́rìí sí i, ìṣojú mi ló ti ń lò ó láràárọ̀.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. O ní àwọn olùwádìí ní yunifásítì kan lọ́dọ̀ yín ń wá àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti mú rí, tí ọwọ́ wọn kò tíì bọ̀ sípò. Wọn yóò gbé ọ sínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán ọpọlọ, ìwọ fúnra rẹ yóò sì máa wo iṣẹ́ tí ọpọlọ rẹ ń ṣe lójú ẹsẹ̀, kí o lè kọ́ bí o ṣe máa darí rẹ̀. Neurofeedback ni o ní wọ́n ń pè é. O wá bi mí ní ohun méjì: ṣé kò léwu, àti pé ṣé ọwọ́ ọ̀tún rẹ yóò tún lè di abẹ́rẹ́ mú?

Ìbéèrè kejì yẹn ni mo gbé sùn. Mo mọ ohun tí abẹ́rẹ́ jẹ́ fún ọ. Láti kékeré ni o ti ń jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ, iṣẹ́ yẹn náà ni o gbé dé ìlú òyìnbó tí o fi ń bọ́ ilé. Nítorí náà, n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn ọ́, n kò sì ní já ọ kulẹ̀. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ físíò ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe é, àti ohun tí mo kà nínú ìwé àwọn tó ń ṣe ìwádìí yìí, ni n óò sọ fún ọ.

Kí n tó lọ jìnnà, gba èyí mú: bí ọkàn rẹ bá fẹ́ ẹ, lọ. Àmọ́ má ṣe torí ẹ̀rọ fi iṣẹ́ tí o ń fún ọwọ́ rẹ ṣe nílé sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè fi ohun tí ọpọlọ rẹ ń ṣe hàn ọ́. Kò lè bá ọ ṣe é.

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé àwọn kan nílé ti pè ọ́, tí wọ́n ní wọ́n ta ọ́ lófà ni, pé ẹnì kan ló ń bínú orí rẹ. Má gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Dókítà rẹ ti ṣàlàyé fún ọ: ẹ̀jẹ̀ ló dì, ó sì dí ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá òsì ọpọlọ rẹ. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọ̀tún ara, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ló rọ. Kò sí ọ̀tá kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa ń ṣíwájú àìsàn yìí láàárín wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní Nàìjíríà àti Gánà. Wọ́n fi àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú, tí iye wọn lé ní 2,000, wé iye kan náà tí kò mú. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà lókè pátápátá. Fífi iyọ̀ kún oúnjẹ lórí tábìlì àti àìjẹ ẹ̀fọ́ déédéé wà lára àwọn yòókù. Nítorí náà, kó o tó ronú kan ẹ̀rọ kankan, wọn BP rẹ, lo oògùn rẹ, kí o sì gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì. Mò ń bẹ̀ ọ́. Ọwọ́ tó ń padà bọ̀ kò gbọdọ̀ rí ìjì kejì.

Jẹ́ kí n sọ ti ìyá kan fún ọ. Elùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Ọjà Bódìjà kí àìsàn yìí tó mú wọn, ọwọ́ ọ̀tún bíi tìrẹ náà ló sì mú. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ náà kàn ń fì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni. Mo gbé apá wọn ka orí tábìlì, mo ní, “Ìyá, ẹ gbìyànjú kí ẹ na ìka yín.” Ìka kankan kò mira. Ṣùgbọ́n mo ti fi ìka mi méjì lé ẹ̀yìn apá wọn, nísàlẹ̀ ìgúnpá díẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára: iṣan kan ta fìrì lábẹ́ awọ, ó sì dákẹ́. Mo ní, “Ìyá, ó ti gbọ́ yín o!” Wọ́n wo ìka wọn, wọ́n wò mí, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, má tàn mí. Kò sí ohun tó mira.”

Nítorí ìyá yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí o sọ ṣe wọ̀ mí lọ́kàn. Àṣẹ ti ń jáde láti inú ọpọlọ kí ìka tó mira, ẹni tó ń làágùn lórí rẹ̀ ni kò rí i. Ohun tí ènìyàn kò bá sì rí, ó máa ń ṣòro láti tẹra mọ́. Ó máa ń yára rẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, á wá jọ̀wọ́ ọwọ́ náà, ọwọ́ tó dá ṣáṣá á sì gba gbogbo iṣẹ́ ṣe. Bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀, ọpọlọ fúnra rẹ̀ á gbàgbé pé ọwọ́ kan ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama, Edward Taub, ló jẹ́ kí àgbáyé mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe le tó. Ọgbọ́n tó dá ni pé kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ ńlá dí ọwọ́ tó dára fún wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́, kí ọwọ́ tó rọ lè máa ṣiṣẹ́ tipátipá. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006, fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí ọwọ́ wọn ti lè mira díẹ̀. Má lọ dá a ṣe fúnra rẹ o, Àbẹ̀kẹ́. Bi ẹni tó ń ṣe físíò fún ọ. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé ọpọlọ tó ti dàgbà, tí àìsàn sì ti bà jẹ́, ṣì lè kẹ́kọ̀ọ́. Ó lè kẹ́kọ̀ọ́, ọmọ mi. Mo ti fi ojú mi rí i.

Ó yá, jẹ́ kí á wo inú ẹ̀rọ MRI náà. Ibi tí ọpọlọ bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó kún fún ọ́síjìn máa ń ya lọ síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn àti èyí tí kò ní kì í ṣe bákan náà níwájú òòfà. Seiji Ogawa, ọmọ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló rí i pé ìyàtọ̀ yìí ń hàn nínú àwòrán MRI, tó sì kọ ọ́ jáde ní 1990. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo MRI láti mọ apá ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ènìyàn tó wà láàyè, láìfi ọ̀bẹ kàn án. Nígbà tí kọ̀ǹpútà yára sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an, wọ́n sì lè fi han ẹni tó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ.

Ohun tí o máa rí lè jẹ́ ọ̀pá aláwọ̀ kan lójú kọ̀ǹpútà, tó ń ga sókè bí apá ọpọlọ tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún rẹ bá ń ṣiṣẹ́, tó sì ń wálẹ̀ bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ gángan, ohùn tí ìlù bá dá padà ló fi ń mọ̀ pé òun gbá a tàbí òun ṣì í, ohùn yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé títí yóò fi mọ́ ọn. Ohùn yẹn ni ìyá elùbọ́ kò rí gbọ́. Òun náà ni àwọn olùwádìí wọ̀nyí fẹ́ fún ọ.

Ṣé ó ti ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́? Jẹ́ kí n sọ ibi tó dé.

Ní Yunifásítì Oxford, Zeena-Britt Sanders, Heidi Johansen-Berg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó ènìyàn 24 jọ tí rọpárọsẹ̀ ti mú tipẹ́, tí ọwọ́ wọn ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Wọ́n gbé wọn sínú ẹ̀rọ ní ìgbà 3, wọ́n ní kí wọ́n máa mi ọwọ́ tó rọ, kí wọ́n sì jẹ́ kí apá ọpọlọ tí àìsàn kàn ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àwọn 12 rí iṣẹ́ ọpọlọ tiwọn gan-an. Ohun tí àwọn 12 yòókù rí kò bá ti ọpọlọ wọn mu, wọn kò sì mọ̀.

Àwọn tó rí ti ara wọn kọ́ ọ lóòótọ́. Apá ọpọlọ tí àìsàn kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ sí i. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní ìdánwò tí à ń pè ní Jebsen Taylor, tó ń wọn bí ọwọ́ ṣe ń yára ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, wọ́n tẹ̀ síwájú ju àwọn kejì lọ nínú iṣẹ́ tó ń fẹ́ gbogbo ọwọ́, bíi gbígbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn.

Ó ku ibi tó le. Nínú ìdánwò méjì mìíràn tí àwa oníṣẹ́ físíò fi ń díwọ̀n ọwọ́, Action Research Arm Test àti Fugl-Meyer, ìyàtọ̀ gidi kò hàn láàárín wọn. Iṣẹ́ ìka wẹ́wẹ́ kò sì yí padà. Abẹ́rẹ́ wà lára iṣẹ́ ìka wẹ́wẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ojú rẹ wà. Ìgbà 3 péré tí wọ́n wọ inú ẹ̀rọ ni wọ́n fi rí ohun tí wọ́n rí yẹn, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ẹ̀rọ yìí yóò dá abẹ́rẹ́ padà sí ọ lọ́wọ́ láìpẹ́, ohun tí kò tíì sí ló ń tà fún ọ.

Kò tán síbẹ̀. Ní ìlú Tübingen ní Jámánì, Ander Ramos-Murguialday, Niels Birbaumer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ti àwọn 32 tí ọwọ́ wọn kò lè ṣí rárá. Fìlà onírin wẹ́wẹ́ tó ń gbọ́ iná mànàmáná ọpọlọ ni wọ́n dé sí wọn lórí, wọ́n sì fi ìdè tó ní ẹ̀rọ nínú sí wọn lọ́wọ́. Fún ìdajì wọn, bí ọpọlọ bá ti gbìyànjú láti mi ọwọ́, ìdè náà yóò bá wọn mi ọwọ́ lójú ẹsẹ̀. Fún ìdajì kejì, ó kàn ń mira nígbà tó bá wù ú. Gbogbo wọn ló ṣe físíò kan náà. Ní 2013 ni èsì jáde: àwọn tí ìdè wọn ń tẹ̀ lé ọpọlọ wọn ni ọwọ́ wọn sàn sí i. Ní ọdún kan náà, Masahito Mihara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan lo ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ agbárí láti ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ nínú ọpọlọ àwọn 20 tó ń fi ọkàn rò pé àwọn ń mi ọwọ́. Àwọn tó rí èsì ọpọlọ wọn gan-an ni ọwọ́ àti ìka wọn tẹ̀ síwájú jù.

Ṣé o rí i? Ó ń ṣe nǹkan. Kò tíì di oògùn. Gbogbo ibi tó sì ti ṣe nǹkan, ẹni tó ni ọwọ́ ló ṣiṣẹ́.

Ní ti ewu, fi ọkàn balẹ̀. MRI kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray, òòfà ni. Ohun tó léwu níbẹ̀ ni irin. Yọ yẹtí, yọ ẹ̀gbà, tú gbogbo píìnì orí rẹ, kí o má sì lẹ ìpéǹpéjú olóòfà kankan. Bí wọ́n bá ti fi irin kankan sí ọ lára nílé ìwòsàn rí, sọ fún wọn kí wọ́n tó bi ọ́. Ẹ̀rọ náà máa ń pariwo gan-an, wọn yóò fi nǹkan dí ọ létí. Inú rẹ̀ há díẹ̀. Mo rántí pé ibi tó há kì í bá ọ lára mu láti kékeré, ìyẹn ló ń já mi láyà. Wọn yóò fi rọ́bà kan sí ọ lọ́wọ́, tí o bá fún un, wọn yóò yọ ọ́ jáde. Sọ fún wọn pé ọwọ́ òsì ni kí wọ́n fi sí, nítorí ọwọ́ ọ̀tún kò ní lè fún un. Má tijú láti fún un. Kò sí ẹni tó máa bínú sí ọ.

Bí o bá wà nínú rẹ̀, má sáré lé ọ̀pá tó ń ga tó ń wálẹ̀ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dé bí èrò: nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 6 ni ó máa ń kọjá lẹ́yìn tí ọpọlọ bá ti ṣiṣẹ́ kí ohun tí ẹ̀rọ ń kà tó dé téńté. Nítorí náà, ohun tí o ń rí báyìí, ohun tí o ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sẹ́yìn ni. Bẹ̀rẹ̀, dúró tì í, ní sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí wọ́n bá ní kí o kàn fi ọkàn rò pé o ń mi ọwọ́, má ṣe wo ọwọ́ náà láti òkèèrè bí ẹni ń wo fíìmù. Wọ inú rẹ̀. Jẹ́ kí o mọ bí àǹkárá tuntun ṣe ń le lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ, bí aṣọ léèsì ṣe ń họ ìka. Kò sí ẹni tó lè rò ó jù ọ́ lọ.

Ó tún ku ẹ̀rù mi kan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ọ́ sí apá àwọn tí kò ní rí ọpọlọ ara wọn. Bi wọ́n kí o tó fọwọ́ sí ìwé bóyá irú apá bẹ́ẹ̀ wà, àti bóyá wọn yóò fún ọ ní èyí tó jẹ́ tòótọ́ lẹ́yìn náà. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, má rò pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Láìsí àwọn bẹ́ẹ̀, kò sí bí a ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló ṣiṣẹ́ ni àbí ìrètí lásán. Bí ọ̀pá kò bá sì ga ní ọjọ́ kan, kì í ṣe pé o ti kùnà. Ó máa ń rẹ ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Bí ayé bá ṣú ọ lójú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí oúnjẹ kò wù ọ́, sọ fún dókítà rẹ. Ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn àìsàn yìí, wọ́n sì ní ìtọ́jú fún un. Má dá a gbé mọ́ra.

Jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀rọ ọpọlọ lọ̀ ọ́ pé kí o san owó gọbọi, pè mí kí o tó san kọ́bọ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́: àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní IpsiHand ní 2021, fún àwọn tí àìsàn náà ti mú wọn tó oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ oníjìbìtì pọ̀ lẹ́yìn ohun tó bá ń dán. Ìwádìí yunifásítì kì í sọ pé kí o sanwó kí wọ́n tó gbé ọ sínú ẹ̀rọ.

Ó ku iṣẹ́ ilé. Ìyá elùbọ́ yẹn, ọmọ wọn ló gbé abọ́ elùbọ́ àti kóńgò wá sọ́dọ̀ wa. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú abọ́, tí ọwọ́ òsì ń ràn án lọ́wọ́, tí wọ́n ń bù, tí wọ́n ń dà á padà. Gbogbo ilẹ̀ á funfun báláú! Ọwọ́ náà kò padà di ti àtijọ́ pátápátá, àmọ́ wọ́n padà sí ìsọ̀ wọn, wọ́n sì ń fi ọwọ́ méjèèjì bu elùbọ́ fún oníbàárà. Iṣẹ́ ara rẹ ni kí ìwọ náà fi kọ́ ọwọ́ rẹ. Kó èékù aṣọ jọ sórí tábìlì. Fi ọwọ́ ọ̀tún mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Bó bá yá, ká wọn. Bó bá tún yá, fi ọwọ́ náà ti aṣọ mọ́lẹ̀ nígbà tí òsì ń gé e. Jẹ́ kí abẹ́rẹ́ jókòó ná. Bí ọwọ́ tó ń gbé nǹkan bá lágbára, ìka á ní ibi tí yóò dúró lé.

Délé ọkọ rẹ lè bá ọ ka iye èékù tí o mú láàárọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ tí kò sí ẹ̀rọ, ìwé yẹn ni yóò máa fi bí o ṣe ń ṣe hàn ọ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, èsì mi rèé. Lọ. Kò léwu bí wọ́n bá tẹ̀ lé òfin rẹ̀. Ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀, ó sì lè má ràn ọ́ lọ́wọ́, ohun tí wọ́n bá sì rí lára rẹ lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ́la. Bóyá o lọ tàbí o kò lọ, èékù aṣọ ń bẹ lórí tábìlì láàárọ̀ ọ̀la, oògùn BP ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Fi ìwé tí wọ́n ní kí o fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí mi, kí á jọ kà á lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé kí o tó dá wọn lóhùn. Kọ gbogbo ìbéèrè rẹ sílẹ̀, títí kan èyí tí ó ń tì ọ́ lójú láti bi wọ́n. Èmi á bá ọ bi wọ́n.

Olúwa yóò fún ọwọ́ rẹ lókun. A ò ní gbọ́ burúkú rẹ.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Àǹtí Bísí